Ọwọ́ Ìyàwó Atúnaagoṣe

Bàbá Aago kórìíra kí wọ́n máa mi nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tó jẹ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbá ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa gbàgà, ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì rẹ̀, ẹ má sì sáré wọ yàrá iwájú tó ti ń tún aago ọwọ́ àti aago ògiri ṣe láti ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn. Ìgò òróró kékeré mẹ́rin ló tò sápá ọ̀tún tábìlì náà. Òróró aago kì í ṣe òróró lásán o! Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti fọ́ ọ létí rí nítorí pé ó gbé ìgò kan, ó sì mì í. "Ìdọ̀tí ti sùn jẹ́jẹ́ sísàlẹ̀, ìwọ wá ń jí i!" ni ọ̀gá wí. Láti ọjọ́ yẹn, òkè tó mọ́ lóló nìkan ni Bàbá Aago máa ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ bù. Etí tó gba ìfọ́tí yẹn ò gbàgbé.

Nígbà tó wá di pé ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ojú ọ̀tún yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ tòsì. Òun ló máa ń há awò kékeré sí, òun ló fi ń rí eyín kẹ̀kẹ́ inú aago. Òsì kò ríran dáadáa láti kékeré. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé ọ̀ṣọ́ lòsì, ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀tún bá lọ, iṣẹ́ lọ nìyẹn, kò sí ohun tí a ó fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ó kọ́kọ́ sọ pé eruku ni. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, iná mànàmáná ò ṣeé wò mọ́, ojú ń ro ó bí ìgbà tí wọ́n ń fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á dé ilé ìwòsàn ojú. Adúmáadán ló máa ń pe ìyàwó náà, nítorí pé ó dúdú, ó sì ń dán, láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí rẹ̀ ti funfun báyìí, kò yí orúkọ náà padà.

Dókítà ojú jẹ́ obìnrin kékeré kan tí kò lè ju àbíkẹ́yìn wọn lọ. Ó ní kí Bàbá Aago gbé àgbọ̀n lé orí ẹ̀rọ, ó yẹ ojú náà wò títí.

"Bàbá, inú ojú yín ló wú," ni ó wí. "Kì í ṣe kòkòrò ló fà á. Ara yín fúnra rẹ̀ ló ń bínú sí ojú."

"Kí lojú mi fi ṣe é?"

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lórí ẹ̀rín. Ó ní òun ó fún un ní oògùn kan tó ń pa irú ìbínú bẹ́ẹ̀. "Ó lágbára o, Bàbá. Ẹ má fi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má tọ́jú ìyókù de ọjọ́ tí ojú bá tún pọ́n, torí ojú pípọ́n kan yàtọ̀ sí òmíràn, tó bá jẹ́ pé kòkòrò ló wà níbẹ̀, oògùn yìí á kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni. Bí ojú bá sì mọ́, ẹ má dá a dúró lójijì. Èmi ni mo máa sọ ìgbà tí a ó máa dín in kù. Nígbà tí ẹ bá ń lò ó, a ó máa wọn bí omi inú ojú ṣe ń tì í, nítorí pé nínú àwọn ẹlòmíràn, ó máa ń jẹ́ kó tì jù."

"Ṣé ojú mi á padà?"

"Tó bá gbọ́ oògùn."

Tó bá gbọ́ oògùn! Bàbá Aago gbé ọ̀rọ̀ yẹn jáde nínú yàrá náà bí ẹni gbé ẹrù. Lójú fèrèsé ìgboògùn, èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn, wọ́n ń ti ara wọn. Ẹni tó ń pín oògùn lẹ ìwé kékeré mọ́ ara ìgò: ẹ̀kán kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà bo ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ṣe oògùn tẹ̀ sára ìgò, kò sì sẹ́ni tó ronú pé ó yẹ ká wo abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Adúmáadán ní, "Èmi ni n ó máa kán an fún yín."

Bàbá Aago wo ọwọ́ rẹ̀, ó gbójú kúrò kíá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ yìí fún yín. Ọgbọ̀n ọdún ni Adúmáadán fi rán aṣọ, tó bá gbá ẹsẹ̀ aṣọ, ẹ ò ní mọ ibi tí abẹ́rẹ́ gbà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n lọ síbí, wọ́n lọ sọ́hùn-ún, wọ́n ní àìsàn tó máa ń ṣe àgbà ni, oògùn ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò ní lọ. Láti ìgbà náà ló ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àwọn ọmọ á pè lórí fóònù, "Màmá, ẹ sáà jókòó," ọkọ á gba ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó dà á sílẹ̀, àwọn ará ilé á ní ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, kí ló kù tí yóò mú? Bàbá Aago mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ní, "Ó dáa. Ìwọ ni dókítà mi."

Bí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe lọ nìyẹn. Gbogbo wákàtí tí ọgbọ̀n aago ara ògiri bá lù pa pọ̀, Adúmáadán á ti fọ ọwọ́, á ti gbé ìgò náà bọ̀ láti yàrá ẹ̀yìn. Ó máa ń pẹ́ kó tó ṣí ìdérí. Ọwọ́ kan mú ìgò, èkejì mú ìdérí, méjèèjì ń gbọ̀n, wọ́n ń lu ara wọn kẹ́kẹ́kẹ́. Bàbá Aago á ti gbé orí sẹ́yìn, ọrùn á ti máa ro ó.

"Ẹ má ṣẹ́jú!"

"N ò ṣẹ́jú. Ìwọ ni o ò tíì dé."

Nígbà kan, ẹ̀kán náà bọ́ sínú etí rẹ̀. "Adúmáadán," ni ó wí, "etí kọ́ ló ń dùn mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omijé fi fọ èyí tó padà bọ́ sójú dànù, wọ́n sì ní láti kán òmíràn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú ti funfun. Dókítà wọn omi inú ojú, ó ní kò tì jù. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ní ìwú náà ti lọ sílẹ̀ dáadáa. "Ojú yín gbọ́ oògùn gan-an, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di wákàtí méjì-méjì." Adúmáadán ń rẹ́rìn-ín sí ilẹ̀ bí ọmọ tó gba ipò kìíní.

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn èyí ni nǹkan bàjẹ́. Ọwọ́ Adúmáadán já lójijì, ẹnu ìgò sì gbá ẹyinjú Bàbá Aago. Ó fò dìde. Kì í ṣe ìrora nìkan. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà ti kìlọ̀ fún wọn pé ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ojú rárá, kí ìdọ̀tí má bàa wọnú oògùn. Wọ́n ní láti lọ gba ìgò tuntun.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ni Bàbá Aago wí. "Ọwọ́ tí kò lè dúró kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ó gbọ́ ọ bó ti ń jáde lẹ́nu òun, ó sì fẹ́ gbé e mì padà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Adúmáadán gbé ìgò náà sórí tábìlì. Ó wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, ó tún aṣọ tó bo ẹ̀rọ ìránṣọ tẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ náà ò wọ́. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn aago bá lù, kì í jáde wá mọ́.

Bàbá Aago gba iṣẹ́ náà ṣe bó ṣe ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi idẹ ṣe ìdúró kékeré kan tí ìgò tuntun náà á máa jókòó sí lórí, gbọningbọnin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òróró mẹ́rin yòókù. Ní ọjọ́ kẹta, ó rí nǹkan funfun kan tó ti jókòó sí ìdí ìgò náà. Ó gbé awò sójú, ó wò ó fín.

"Áà! Ìdọ̀tí rè é," ni ó wí fún ara rẹ̀. "Èyí ni Adúmáadán ń pò pọ̀ kán sí mi lójú."

Ẹ wò ó, ẹni tó bá mọ nǹkan kan dójú àmì ló máa ń ṣìnà jù nígbà tó bá dé ibòmíràn. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá fẹ́ kán an, ó máa ń gbé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, ó máa ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, omi tó mọ́ gaara a sì bọ́ sójú rẹ̀ láìyẹ̀. Á fi ìka tẹ kọ̀rọ̀ ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú méjì, bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Kò fo ọ̀kan rí. Kò pẹ́ ìṣẹ́jú kan rí. Inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀.

Ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà.

Ó kọ́kọ́ fi pamọ́. Ó fa kọ́tìnì, ó ní oòrùn ti pọ̀ jù. Ó wá di ọjọ́ kan tí ìṣó aago kékeré kan já bọ́ lẹ́nu ẹ̀mú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wá a káàkiri lórí aṣọ funfun orí tábìlì, ìṣó náà sì wà níwájú rẹ̀ gan-an. Adúmáadán ló nawọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ojú yẹn ti pọ́n," ni ó wí.

"Á lọ. Ọjọ́ tí dókítà dá fún wa ṣì ku mẹ́fà."

"Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀yin ń dúró kó gún yín ná. Ẹ wọ bàtà yín."

"Adúmáadán, mo ní—"

"Bàtà, Bàbá Aago."

Ó wọ bàtà.

Dókítà pẹ́ lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn, kò sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ dá oògùn dúró ni?"

"Rárá!"

"Ẹ ò fo ó?"

"Èmi? Ọgbọ̀n aago ló wà lára ògiri mi!"

Dókítà fi ẹ̀yìn ti àga. Ó ní ìwú ti padà wá. Ó ní awọ dúdú tó yí ihò àárín ẹyinjú ká ti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ awò àbínibí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì lẹ̀ pa, ojú lè má rí bó ṣe ń rí mọ́. "Ó jọ pé ojú yín ò gbọ́ oògùn yìí mọ́. A ó ní láti gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹyinjú. Àwọn tí wọ́n bá gún un fún náà, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bọ́ lọ́wọ́ ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n n ò rí ọ̀nà mìíràn."

Bàbá Aago fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Ó ń rò ó: abẹ́rẹ́, lójú. Ó ń rò ó: tábìlì òun, àwọn aago tí òun ti tú sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní lè tò padà. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù tó jẹ́ pé bó bá jẹ́ pé kò sí èèyàn níbẹ̀, ì bá sunkún. Adúmáadán jókòó tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ báàgì rẹ̀ kí wọ́n má bàa rí wọn.

Nọ́ọ̀sì tó kìlọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu ìgò fún wọn wà níbẹ̀, ó ń to ìwé jọ. Obìnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kán oògùn náà kí n rí bí ẹ ṣe ń ṣe é. Ṣé ó wà lọ́wọ́ yín?"

Wọ́n tún ń béèrè bóyá ó wà lọ́wọ́ rẹ̀! Ó fa àpótí kékeré kan yọ lápò àyà, ìgò náà dúró ṣánṣán nínú rẹ̀, òwú yí i ká. Ó fọ ọwọ́ níbi ẹ̀rọ omi. Ó gbé e, ó gbé orí sẹ́yìn, ó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, ẹnu ìgò ò kan nǹkan kan, ẹ̀kán kan ṣoṣo bọ́ síbi tó yẹ. Ó tẹ kọ̀rọ̀ ojú. Ó tiẹ̀ wo nọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀.

"Ó dára gan-an," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìgbà wo lẹ mì í?"

"Mi kí ni?"

"Ìgò."

Bàbá Aago fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Ọmọ mi, ta ló ń mì í? Ìdọ̀tí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òkè tó mọ́ ni mò ń lò."

Nọ́ọ̀sì gba ìgò náà, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Omi gaara lókè. Nísàlẹ̀, nǹkan funfun ti dì pọ̀. Ó fi èékánná ṣí ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ ìgò, ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún un: mì í dáadáa kí o tó lò ó.

"Ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn, Bàbá. Oògùn gan-an nìyẹn. Omi lásán lẹ ti ń kán sójú láti ọjọ́ yìí."

Dókítà dìde, òun náà wá wò ó, ó sì mi orí. "Àwa náà ò sọ fún yín. Ó yẹ ká ti sọ," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú yín gbọ́ ọ. Ta ló ń mì í nígbà yẹn?"

Bàbá Aago la ẹnu láti sọ pé kò sẹ́ni tó mì í. Ó bá gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ yẹn létí, ìdérí tó ń lu ìgò, ọrùn òun tó ń ro òun, gbogbo ìgbà tí òun fi ń retí pé kí ọwọ́ yẹn dúró. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìyàwó mi ló ń kán an," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, ó tún un sọ. "Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n."

Nọ́ọ̀sì wo Adúmáadán, ó sì rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹ mì í nígbà náà."

Adúmáadán fa ọwọ́ yọ lábẹ́ báàgì. Ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n.

Dókítà sún abẹ́rẹ́ síwájú ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní kí wọ́n padà sí ẹ̀kán kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nínú ìgò tuntun, kí wọ́n mì í dáadáa, kí wọ́n sì wá lọ́jọ́ kẹta láìyẹ̀. Bí ìwú bá lọ sílẹ̀, ó bùṣe. Bí kò bá lọ, abẹ́rẹ́ ni.

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá Aago gbé ìgò náà lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Adúmáadán.

"Kí lèmi fẹ́ fi ṣe?" ni Adúmáadán wí. "Ṣebí ọwọ́ tí kò lè dúró kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú?"

"Mo jẹ̀bi."

"Ẹ̀yin náà lọ́wọ́. Ẹ mì í fúnra yín."

"Mo lè mì í. N ò fẹ́." Ó jókòó sórí àga tó wà níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ti ń dùn mí láti ọjọ́ yẹn, Adúmáadán, mi ò kàn mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ọ́ ni. Dárí jì mí."

Adúmáadán gba ìgò náà. "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni ó wí. "Èmi á mì í, ẹ̀yin á kán an. N ò fẹ́ kán an sínú etí yín mọ́, ẹ ò ní jẹ́ n gbádùn."

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gùn. Bí aago bá ti lù, Adúmáadán á ti dé. Á mú ìgò náà láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, á jẹ́ kí ọwọ́ ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kò sì bá a jà. Nígbà tó bá gbé e fún ọkọ rẹ̀, omi inú rẹ̀ á ti funfun dé òkè. Lọ́jọ́ kẹta, dókítà gbójú kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ máa sùn." Ìwú ti lọ sílẹ̀, èyí tó lẹ̀ ti já, ó ku ibi kékeré kan lápá òkè, kò sì ní dí ìríran lọ́wọ́. Adúmáadán ló kọ́kọ́ sunkún.

Wọn ò tìtorí ìyẹn dá oògùn dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀: wákàtí méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mejì, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó sì ń wọn omi inú ojú nígbà gbogbo. Aránbàtà ẹ̀gbẹ́ wọn wá lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní kí wọ́n bun òun ní ẹ̀kán kan. Bàbá Aago ní, "Ojú rẹ kì í ṣe ojú mi. Lọ rí dókítà," ó sì ní kó wọ bàtà rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀ẹ̀kan péré tí wọn yóò kán an. Dókítà ní tí wọ́n bá kán tàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó parí, kí wọ́n ju ìyókù dànù, kí wọ́n sì wá kíá bí ojú bá tún pọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọgbọ̀n aago lu mẹ́jọ. Adúmáadán jáde wá, ó dúró níwájú tábìlì, ìgò wà láàárín ọwọ́ rẹ̀. Ó ń mì, kò sì sẹ́ni tó ní kó má mi nǹkan nínú yàrá náà. Bàbá Aago gbé awò kúrò lójú, ó jókòó, ó ń wò ó.

"Ó ti tó," ni Adúmáadán wí, ó nawọ́ ìgò náà sí i.

Bàbá Aago wo ìgò. Ojú ọ̀tún rẹ̀ rí i kedere: kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ mọ́, ó ti funfun dé ọrùn ìgò.

"Kò tíì tó," ni ó wí. "Ṣì mì í díẹ̀ sí i."